Ta Ni Yóò Ṣe Onídùúró fún Ọmọ Tuntun?

(Ọ̀rọ̀ tí àgbà òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣómólú. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá.)

  Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ sí ìpàdé yìí, ẹ kú àìsùn. Bí oorun bá gbé ẹnikẹ́ni lọ, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má ṣe jí i. Yóò ka ìyókù nínú ìwé ìròyìn.

Ohun tí akọ̀wé ní kí n wá sọ kò jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yìí wá bá mi nílé. Ó ní ọmọ òun tó ń kàwé ní Àkọkà kì í sùn lóru mọ́. Nígbàkúùgbà tí òun bá jí ní agogo méjì òru, iná kọ̀ǹpútà ni òun ń rí lójú rẹ̀. Òun bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní iṣẹ́ ni. Òun bi í pé èló ni wọ́n ń san, ó ní wọn kì í san kọ́bọ̀. Ìyá náà wá sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni èmi ń ṣe. Mi ò lè máa jà fún owó oṣù níbi iṣẹ́, kí ọmọ mi máa ṣẹrú nínú yàrá mi."

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Èmi tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún un, èmi ni mo jókòó tí ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí ó ṣe là á yé mi.

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ohunkóhun bí kò bá sí àwọn àṣẹ tí a kọ fún un. Àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni à ń pè ní sọ́fítíwíà. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń kọ tiwọn ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ń tà á. Àwọn mìíràn ṣí ìdí tiwọn sílẹ̀ gbangba: ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn, láìsan owó. Irú rẹ̀ ni Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Bí fóònù Android bá wà nínú àpò yín, Linux ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì dúró, Linux náà ló ń mú wọn ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí a kọ sílẹ̀ lásán kò tíì tó. Ẹnì kan ní láti kó o jọ, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dì í lọ́nà tí aráyé fi lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn láìsí wàhálà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ọmọ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Ian Murdock, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pè é ní Debian. Ó so orúkọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nígbà náà. Murdock ti kú ní 2015, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan káàkiri ayé, ìdì sọ́fítíwíà tó wà lọ́wọ́ wọn sì lé ní 60,000. Ìdì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ì báà ṣe ẹnì kan tàbí àwọn bíi mélòó kan. Olùtọ́jú ìdì ni n ó máa pè é.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín wà ní òkè òkun, kò mọ̀ bóyá kòtò wà ní Bàrígà. Mẹkáníìkì yín ló ń rí i pé búréèkì ń mú, òun náà ni ẹ ń ké sí nígbà tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lórí afárá. Olùtọ́jú ìdì ni mẹkáníìkì yẹn. Bí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà bá gbé tuntun jáde, òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì tún un dì. Bí aráàlú bá rí àbùkù, òun ni wọn yóò kọ̀wé sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn dé.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹrú tí ìyá yẹn sọ, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ta ni ọ̀gá wọn. Ó ní olórí Debian, ìbò ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dì yàn án lọ́dọọdún. Òfin ẹgbẹ́ náà sì sọ ọ́ kedere pé kò sí ẹni tí a lè fi òfin náà mú ní túlààsì láti ṣiṣẹ́ kankan. Mo padà lọ bá ìyá rẹ̀, mo ní, "Ìyáàfin, ẹrú wo ló ń dìbò yan ọ̀gá rẹ̀, tó sì lè ní òun kò ṣe lónìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì gbà fún mi. N ó padà sí ọ̀rọ̀ owó yẹn.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tuntun. Ẹ mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo dàgbà sí, níhìn-ín ní Ṣómólú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́, àkísà àti epo òyìnbó nìkan ló wà lọ́wọ́ mi: róólà ni mo ń nù. Lẹ́yìn náà, bébà ni mo ń kà tí mo ń gbá etí rẹ̀ jọ. Nígbà tí ọ̀gá wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ, bébà tó ti bàjẹ́ ló ní kí n máa fi dánra wò. Mo gbọ́n, mo yára, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá lọ sí òde òkú. Oníbàárà káàdì ìgbéyàwó dúró síwájú ilé, ó ń pariwo. Mo mú pléètì, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo tẹ káàdì 2,000. Mo ti dì í tán kí n tó mọ̀ pé pléètì tí wọ́n ti ní kí a má lò mọ́ ni mo mú. Ọjọ́ ìgbéyàwó tó wà lórí rẹ̀ kò tọ̀nà. Káàdì 2,000! N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ti dọ̀bálẹ̀ kó tó wọlé. Ó wo káàdì, ó wò mí, ó ní, "Dìde. Ta ni mo fi sílẹ̀ tí yóò bá ọ wo ìwé àkọ́tẹ̀?" Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, ní iléeṣẹ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ ju ìwé kan lọ títí ẹni tó jù ú lọ yóò fi wo ìwé náà tí yóò sì fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí etí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lẹ́yìn èyí, ẹni tó kọ orúkọ ló máa ṣàlàyé.

Ẹ wá gbọ́ bí Debian ṣe ń ṣe tiwọn. Ọmọ tuntun kò lè dá gbé ìdì wọ inú àká wọn. Yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbé e sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì bẹ̀bẹ̀ ní gbangba pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wá ṣe onídùúró fún òun. Onídùúró yóò tú ìdì náà palẹ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà fún aráyé láṣẹ láti lò ó, ṣé a sì kọ àṣẹ náà sílẹ̀ bó ṣe yẹ? Ṣé kò ní ba ìdì ẹlòmíràn jẹ́? Ó lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè dá a padà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ buwọ́ lù ú tí yóò sì gbé e wọlé. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin o. Nọ́ńbà àṣírí kan ni, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ní i, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ àmì rẹ̀.

Bí ọmọ náà bá ti ṣe é dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ìpele kan wà tí wọ́n dìbò dá sílẹ̀ ní 2007: wọ́n lè gbà á láyè láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdì wọlé, ṣùgbọ́n kìkì àwọn ìdì tí wọ́n dárúkọ fún un. Kí ó tó di ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́, ẹnì kan yóò jókòó tì í láti bi í ní ìbéèrè lórí òfin ẹgbẹ́ àti lórí iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn yóò jẹ́rìí sí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yóò ti rí i lójúkojú, wọn yóò ti wo ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó buwọ́ lu kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èyí nìkan kò rọrùn fún ọmọ Bàrígà. Ní 2016, ìpàdé ọdọọdún wọn wá sí Cape Town, òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n láti Ilàjẹ dé Cape Town, ẹ ẹ̀ lè wọ danfó débẹ̀.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí, inú ẹgbẹ́ mìíràn ló wà, tó kéré ju Debian lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Obìnrin kan tí kò fojú rí rí ni onídùúró rẹ̀. Ó dá iṣẹ́ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fi àwọn èsì náà hàn mí lórí fóònù. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí "ìwọ kò lè mọ̀ ọ́n láéláé" tí àwa ọ̀gá níhìn-ín fẹ́ràn láti máa sọ. Ohun tó kọ ni pé: ibí yìí kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ nìyí, wo bí lágbájá ṣe ṣe tirẹ̀, tún un gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló gbà á. Ọmọ náà ní òun sunkún. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi sí etí bébà ọmọ iṣẹ́ tèmi.

Ó tún ní ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun dúró pẹ́ ni pé olúkúlùkù wọn fẹ́ gbé ìdì tuntun dé, kí a lè máa fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdì àtijọ́ wà níbẹ̀ tí olùtọ́jú wọn ti rẹ̀, tàbí tó ti kú, tàbí tó ti bímọ tí kò ráàyè mọ́. Ọmọ òrukàn ni wọ́n ń pe irú ìdì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ orúkọ rẹ̀ síta kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á tọ́. Ibẹ̀ ni onídùúró tó mọ iṣẹ́ yóò ní kí ọmọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀: tún àbùkù kékeré kan ṣe nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń lò. Nínú àwa náà, ta ló ń fẹ́ kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ló ń pa owó.

Mo wá dé ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún ẹrù inú kọ̀ǹpútà pọ̀ kó má baà gba àyè, bí ẹni ń tẹ aṣọ mọ́nú àpò Ghana-must-go. Ó kéré, kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú kọ̀ǹpútà Linux káàkiri ayé. Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan, láìgba owó. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà mọ́. Ní 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Collin: ó lọ́ra jù, kò bìkítà, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Collin fèsì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé òun ní àìlera ọkàn, àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ Jia Tan.

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, Jia Tan gbé xz tuntun méjì jáde. Ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa mọ́ sínú wọn, èyí tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà olóníkọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, kó máa pàṣẹ níbẹ̀ bí onílé. Ó ti wọ apá Debian tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Kò tíì dé apá tí aráyé ń lò. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ń dán iṣẹ́ mìíràn wò nígbà tó rí i pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà òun fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Mélòó nínú wa ni yóò bìkítà? Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní 29 March 2024, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Ta ni Jia Tan ní tòótọ́, a kò tíì sọ ọ́ ní gbangba títí di òní.

Ẹ̀yin kọ́ndọ́, ẹ ó dárí jì mí. A ti rí i ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú yìí. Awakọ̀ ti wa ọkọ̀ láti agogo márùn-ún àárọ̀. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ojú rẹ̀ ń pa dé. Kọ́ndọ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín wà á dé Fadéyí." Àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ń sọ pé, "Dírẹ́bà, o ti ń falẹ̀ jù, gbé e fún un!" Ó gbé e fún un. Kì í ṣe pé ó ti dán an wò, ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ xz yìí, àwọn kan ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì, kí a má gba ọmọ tí a kò mọ̀ mọ́. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, ọmọ Bàrígà ni yóò kọ́kọ́ há síta, nítorí ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ohun tó ṣe Collin ni pé òun nìkan ló dúró. Àìmọye ènìyàn ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn iléeṣẹ́ tí èrè wọn kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tó ní, "Jẹ́ n bá ọ gbé e." Ọwọ́ kan ṣoṣo tí a nà sí i, ọwọ́ olè ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn mẹ́ta ló ń tọ́jú xz, tí ẹnì kan kò lè gbé iṣẹ́ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn wo ìwé àkọ́tẹ̀ rẹ̀, Jia Tan ì bá ṣiṣẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó já sí nǹkan.

Èyí ló sì mú mi padà sí ọ̀rọ̀ owó tí ìyá yẹn sọ. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ìfẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹrú, ṣùgbọ́n nígbà tí olówó bá ń fi iṣẹ́ ìfẹ́ ọmọ ẹlòmíràn kọ́lé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò sọ. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Outreachy, tó ti wà láti 2010: ó ń fi ọmọ tuntun sábẹ́ olùtọ́nà fún oṣù mẹ́ta, ó sì ń san owó fún un. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jàǹfààní rẹ̀. Nílé níhìn-ín, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní 2018, wọ́n sì ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020. Nítorí náà kì í ṣe pé ọmọ wa dá wà nínú òkùnkùn. Ohun tí kò ní ni iná, owó dátà, àti àgbà tí yóò wo iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí.

Kí n tó jókòó, mo ní láti sọ èyí, kí akápò wa má ṣe bínú sí mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń tọ́jú ìwé owó ẹ̀ka yìí, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni opó ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi dúró de owó ìsìnkú, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìwé náà kà. Akápò fúnra rẹ̀ ti gbà pé láti oṣù tó ń bọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kò tíì pé ogójì ọdún yóò máa bá òun kọ ọ́, òun yóò sì máa buwọ́ lù ú fún wọn títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́.

Fún ti àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà, ìgbìmọ̀ ti gbà kí a máa tan jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn yìí fún wọn ní ọjọ́bọ̀, láti agogo márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ̀ka sì san owó dátà fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn èyí tí a ó tún un yẹ̀ wò. Ọmọ Àkọkà náà ni yóò máa wo iṣẹ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gba ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó túká. Ìyá náà ti ní òun ló máa gbé omi àti búrẹ́dì wá.